Ìdíje tí wọ́n fi ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé po: ṣé kí n sanwó báyìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Manchester, ọmọ ọdún 43. Físà iṣẹ́ ni mo fi wà níbí, ó ku ọdún kan ààbọ̀ kí n tó lè béèrè fún ìwé ìgbélùú títí lọ. Mi ò wọ ọkọ̀ ìgbòkun rí, ṣùgbọ́n ìdíje Clipper yìí ò jẹ́ kí n sùn mọ́. Ṣé kí n sanwó gbogbo rẹ̀ ni, àbí ti apá kan? Ọkọ mi ní orí mi ti dàrú.

ÌDÁHÙN: Orí yín ò dàrú, mà. Nítorí irú yín ni Robin Knox-Johnston ṣe dá ìdíje náà sílẹ̀, ìyẹn ọkùnrin tó kọ́kọ́ dá fi ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé po láìdúró níbì kankan, ọjọ́ 312, láti 1968 sí 1969. Ọ̀gá ọkọ̀ àti igbákejì rẹ̀ nìkan ló ń gbowó níbẹ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ ó sanwó kí ẹ tó jìyà.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Òkun kọ́ ni mò ń bẹ̀rù fún yín, ìwé ni. Ìrìn náà ń gbà tó nǹkan bí oṣù 11, 40,000 máìlì orí òkun. Ẹni tó ń ka ọdún rẹ̀ lórí físà iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 180 lọ lẹ́yìn odi Britain láàárín oṣù 12 èyíkéyìí. Bí ẹ bá lọ báyìí, ẹ ó gúnlẹ̀ tán, ẹ ó tún máa ka ọdún bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó tún le jù ni ti ìsinmi àìgbowó: tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ lọ́dún, tí kì í ṣe ti àìsàn tàbí ọmọ bíbí, físà fúnra rẹ̀ lè bá a lọ. Apá kan lásán nínú ìdíje yìí ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀kọ́ dandan tó ṣáájú rẹ̀ sì jẹ́ ìpele 4, ìkọ̀ọ̀kan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ lọ ka ọjọ́ ìsinmi yín wò. Kí ẹ sì rí agbẹjọ́rò, torí òfin wọn kì í pẹ́ yí padà. Èmi ọkọ̀ ni mò ń kọ́ èèyàn.

Pásípọ́ọ̀tù wa náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. South Africa fẹ́ físà, Ọsirélíà fẹ́ físà. Ní ti Amẹ́ríkà, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí kì í gba físà tó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ gan-an, bó bá fi irú ọkọ̀ wa yìí gúnlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní i lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ fi ọjọ́ 5 nínú ìsinmi yín ṣe ẹ̀kọ́ Competent Crew, ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ ìgbòkun, ní Solent, ní gúúsù níbí. Kó jẹ́ November o. Ní July, gbogbo èèyàn ni òkun ń rẹ́rìn-ín sí. Ẹ ó bì, ó dájú; lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ọjọ́ 2 sí 3 ló ń rọlẹ̀.

Bó bá wá di ìdíje gangan, aago 2 òru ni wọn ó jí yín. Bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀, ẹlòmíì á ti wọ̀ ọ́ kó tó tutù. Ọkọ̀ ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ ó fi èjìká ti ògiri kí ẹ tó rí ẹsẹ̀ kan kì bọ ṣòkòtò òjò tó ti tutù látàná. Lórí àtẹ̀gùn, kí orí yín tó yọ síta, ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ jáde, ẹ ó fi ìkọ́ tó wà lára yín kọ́ mọ́ okùn ọkọ̀. Èèyàn ti kú nínú ìdíje yìí, mi ò ní tàn yín. Olókun ò béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dáa kéèyàn mọ̀wẹ̀, àmọ́ nínú Òkun Gúúsù, ìyẹn òkun ìsàlẹ̀ ayé tó tutù bíi yìnyín, ìkọ́ yẹn lẹ ó gbára lé.

Ohun tó sì ń mú kí èèyàn fi ìdíje sílẹ̀ lọ́nà, ìgbì kọ́ ló sábà máa ń jẹ́. Nǹkan bí ogún ènìyàn nínú ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 70, aṣọ ò gbẹ, oorun ò tó, ẹnì kan ń hanrun, ẹlòmíì ò fọ abọ́. Nọ́ọ̀sì tó ti ṣe iṣẹ́ òru mẹ́rin léra tí kò bú aláìsàn kankan, lójú tèmi, ó sàn ju gìrìpá tó ń gbé irin ní jíìmù lọ.

Gbogbo rẹ̀ àbí apá kan? Gbogbo rẹ̀ lé ní £50,000. Lẹ́yìn tí ìwé ìgbélùú bá ti dọ́wọ́ yín, ẹ san ti apá kan, kí ẹ sì mú èyí tó kọjá lójú Òkun Gúúsù, láti Cape Town sí Ọsirélíà. Èyí tó rọrùn ò ní sọ òtítọ́ fún yín. Lóòótọ́, ìwé náà kì í bàjẹ́ àfi téèyàn bá lò ju ọdún 2 lọ níta, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ìwé ọmọ ìlú, ọjọ́ 450 péré ni wọ́n ń fojú fò láàárín ọdún 5, 90 nínú ọdún tó kẹ́yìn. Ìdíje ò ní sá lọ. Wọ́n ṣe é ní 2023, wọ́n tún gbéra ní 2025.

Bí ẹ bá ti rí àyè ní November, ẹ má ra jákẹ́ẹ̀tì òjò olówó ńlá o. Púpọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ yìí ń yá èèyàn lò. Ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ onírun ni kẹ́ ẹ rà, méjì méjì. Ẹ mú ọkọ yín dání.