Ta Ló Sanwó Ìwádìí Yìí?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀kísímà, àrùn awọ ara tó máa ń yúnni, ń yọ mí lẹ́nu ní ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún. Mo ka ìwádìí kan lórí abẹ́rẹ́ dupilumab, inú mi ti ń dùn, àfi bí mo ṣe dé ìsàlẹ̀ tí mo rí i pé àwọn tó ni oògùn náà ló náwó sí i, tí wọ́n sì ti fún àwọn dókítà kan tó kọ ọ́ lówó. Ṣé kí n kúkú gbàgbé rẹ̀?

Ìdáhùn: Má tíì gbàgbé rẹ̀, àbúrò mi. Èmi tí mo ti ń họra láti kékeré, ìsàlẹ̀ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Ọkọ mi ní mò ń kàwé bí oníkéú, láti ẹ̀yìn.

Pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kò sọ wọ́n di òpùrọ́. Ẹni tó fi pamọ́ ni kí o sá fún. Bóyá ìwádìí dupilumab méjì tí wọ́n ń pè ní SOLO 1 àti SOLO 2, tó jáde ní 2016, lo rí. Sanofi àti Regeneron ló náwó sí i, oògùn náà sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi wé? Abẹ́rẹ́ lásán tí kò ní oògùn nínú, fún ọ̀sẹ̀ 16. Bóyá ó sàn ju ohun tí o ń lò lọ, o kò ní rí i níbẹ̀. Ẹni tó bá náwó ló sábà máa ń yan ìbéèrè.

Wo ìwádìí mìíràn tí wọ́n ń pè ní BATHE, tó jáde ní 2018, tí wọ́n fi owó ìjọba ṣe ní England àti Wales. Ọmọ 482 tó ní ẹ̀kísímà ni wọ́n kó jọ: àwọn kan ń da òróró ìwẹ̀ sínú omi fún ọdún kan, àwọn yòókù kò dà á, ìpara wọn ò sì yí padà. Kò sí ìyàtọ̀ gidi. Ta ni nínú àwọn tó ń ta òróró yẹn ni ì bá fowó ara rẹ̀ wádìí ẹ̀? Èmi tí mo ti da ìgò àìmọye sómi, ẹ̀rín pa mí, inú sì bí mi.

Ní ti owó táwọn dókítà gbà, fọ́ọ̀mù ICMJE (ẹgbẹ́ àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ìṣègùn) tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ìṣègùn ń lò, oṣù 36 sẹ́yìn ló ń béèrè nípa irú owó ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Èyí tó pẹ́ jùyẹn lè má hàn. Bó bá jẹ́ dókítà Amẹ́ríkà, tẹ orúkọ rẹ̀ sí Open Payments, ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fi ohun táwọn ilé-iṣẹ́ oògùn fún dókítà hàn. Láti 2014 ni wọ́n ti ń gbé e síta. Oúnjẹ ọ̀sán pàápàá wà níbẹ̀!

Mú ìwé náà lọ bá dókítà tìrẹ, kí o bi í léèrè ohun tí wọn kò fi wé. Bí o bá láyà, bi í bóyá òun náà ti jẹ nínú oúnjẹ ọ̀sán yẹn.