Ẹ Rán Wọn Lọ Bá Alájọ

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níhìn-ín ní Òṣogbo. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kẹta bí a ṣe ń kọ ohun tí ètò kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀ kí a tó ṣe é, àti bí a ṣe ń dán an wò kó lè dáni lójú. Wọn á kọ́kọ́ ṣe ètò náà tán, wọn á wá fi alẹ́ ọjọ́ kan kọ àkọsílẹ̀ tó bá a mu. Bó bá sì kan dídán an wò, ohun tí wọ́n ti mọ̀ pé yóò ṣiṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń dán wò. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ kú akitiyan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn díẹ̀, nítorí irú iṣẹ́ tí a sábà máa ń fún wọn ló kọ́ wọn ní ìwà náà. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àkọsílẹ̀ fún ètò ilé ìkàwé tàbí ti ìforúkọsílẹ̀, ohun tó ti ń fojú rí láti ọdún kìíní ni. Kò sí ohun tó rú u lójú níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó yẹ kó bi léèrè.

Ẹ rán wọn lọ bá alájọ kan ní Ọjà Ọba. Gbogbo wọn ló gbà pé àwọn mọ àjọ, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àpótí kéékèèké 31 ló wà lára káàdì rẹ̀. Ìyá aláta tó ń dá 500 náírà lójúmọ́ yóò dá 15,500 náírà bí oṣù bá pé ọjọ́ 31. Alájọ yóò yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, ìyá aláta yóò sì gba 15,000. Àwọn ọmọ yín yóò kọ ọ́ ní ìlà kan: “Ètò yóò ṣírò owó oníbàárà.” Bí ìyá bá ní kí wọ́n fún òun lówó òun ní ọjọ́ kejìlá ńkọ́? Ṣé 5,500 ni yóò gbà? Bó bá tún ń dá a lọ lẹ́yìn náà, ṣé alájọ yóò tún yọ owó mìíràn nínú oṣù kan náà? Bó bá dá ti ọjọ́ kan péré tó sì ní òun kò ṣe mọ́, ṣé òfo ni? Bó bá gbé e láti 500 sí 1,000 náírà láàárín oṣù, èwo ni owó iṣẹ́? Alájọ mọ ìdáhùn gbogbo rẹ̀ lórí, kò sì ní sọ ọ́ bí ẹnikẹ́ni kò bá bi í, nítorí lójú tirẹ̀, ta ni kò mọ̀ ọ́n?

Ojú èmi náà ti rí i. Mo ṣe ètò fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan nígbà kan, mo ní kó máa bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni tó bá pẹ́ san owó lórí, n kò sì béèrè ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú. Oṣù mẹ́rin ni ètò mi fi ń bu ìtanràn lé òkú kí ọmọ rẹ̀ tó mú ìwé gbèsè náà wá bá wa. Ohun tí mo kọ ni kọ̀ǹpútà ṣe, kò yẹ̀ ẹ́ rárá.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ohun ńlá kún un, Ariane 5 tó. Ní June 4, 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ará Yúróòpù náà gbéra ní Kourou, ní French Guiana, kò sì lò tó ìṣẹ́jú kan kó tó fọ́ yángá lófurufú. Wọ́n gbé apá kan nínú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti ara Ariane 4, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣáájú rẹ̀, ibì kan sì wà níbẹ̀ tó ń ki nọ́ńbà bọ inú àyè tí kò lè gbà ju 32,767 lọ. Ìrìn Ariane 4 kò lè mú nọ́ńbà náà kọjá ibẹ̀. Ti Ariane 5 mú un kọjá. Ẹ má lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lórí ìtàn yìí, kí wọ́n má baà rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fò lọ sójú ọ̀run nìkan ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́ta. Kí ẹgbẹ́ kìíní kọ àkọsílẹ̀. Kí èkejì fi àkọsílẹ̀ náà nìkan kọ àwọn ohun tí wọn yóò fi dán ètò wò, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà. Kí ẹ̀kẹta ṣe ètò. Ẹnikẹ́ni tí nǹkan bá rú lójú gbọ́dọ̀ kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí ibi tí àkọsílẹ̀ ti jò. Ẹ má yọ máàkì nítorí pé ó jò o; ẹ fún wọn ní máàkì bí wọ́n ṣe dí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọn yóò fi pamọ́. Bí ẹ bá rí “ètò yóò yára” níbẹ̀, ẹ dá a padà. Kí wọ́n kọ ọ́ pé iye tó kù gbọ́dọ̀ hàn lórí fóònù alájọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2, bí oníbàárà bá tilẹ̀ tó 300, kí wọ́n sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ nínú ọjà, kí owó kan má baà wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ohun tí wọ́n mọ̀ pé yóò ṣiṣẹ́, ẹ fọwọ́ ara yín ba ètò tó dára jẹ́ níbi márùn-ún, kí ẹ má sọ ibẹ̀: bí àpẹẹrẹ, ẹ yí 31 padà sí 30, ẹ jẹ́ kó gbàgbé owó iṣẹ́ nígbà tí ọjọ́ bá jẹ́ ẹyọ kan. Iye tí ẹgbẹ́ kejì bá mú nínú márààrún ni kí ẹ fi fún wọn ní máàkì. Kíákíá ni wọn yóò kọ́ láti máa wo ẹnu ààlà: ọjọ́ 0, 1, 30, 31, àti 32 tí kò yẹ kó wọlé rárá. Kí wọ́n sì mọ̀ pé, bí Edsger Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Netherlands, ṣe sọ, dídán ètò wò lè fi hàn pé àṣìṣe wà, kò lè fi hàn pé kò sí. Ìdí nìyí tí kíka àkọsílẹ̀ pọ̀ lórí tábìlì, ìlà sí ìlà, fi ṣe pàtàkì, kò sì béèrè iná; ẹ lè ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ.

Kí alájọ wá jókòó ní kíláàsì níparí ẹ̀kọ́, kó fọwọ́ ara rẹ̀ lo ètò náà, kí ẹ sì fún un lówó ọkọ̀. Ẹ má pè é ní ìparí oṣù o. Ìgbà yẹn ló ń kó owó fún àwọn oníbàárà rẹ̀.