Èsì: Igi inú àkúnya omi ní òrùka ọdún
Ẹ béèrè bóyá igi ilẹ̀ olóoru, níbi tí kò sí ìgbà yìnyín tó ń dá ìdàgbà igi dúró, lè ní òrùka ọdún, ìyẹn àwọn ìlà róbótó inú ìtì tó ń fi ìdàgbà ọdún kọ̀ọ̀kan hàn. Ó ní in dáadáa. Ẹ wo ẹ̀bá odò Amásónì nítòsí Manaus ní Brazil: lọ́dọọdún ni omi ń bo gbòǹgbò igi fún ọ̀pọ̀ oṣù. Gbòǹgbò kò rí atẹ́gùn tó, ewé ọ̀pọ̀ wọn a rẹ̀, ìtì kò ní tóbi sí i mọ́ títí omi yóò fi fà. Ìdádúró yẹn ló ń di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ó rí bí ẹ bá fi sáńpépà dán ojú igi tí wọ́n gé.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti igi Piranhea trifoliata. Lọ́dún El Niño (ìgbà tí omi òkun Pàsífíìkì bá gbóná ju bó ṣe máa ń rí lọ), tí òjò wọ́n níbẹ̀, òrùka rẹ̀ máa ń fẹ̀ ju ti ọdún mìíràn lọ, torí àkúnya kì í pẹ́. Nítorí náà, ẹ má kàn rí òrùka tóóró kẹ́ ẹ sọ pé ọ̀dá ni.