Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Mọ́tò: D wúwo, L ń fò, ṣé gíà ti kú ni?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mò ń gbé, Tacoma 2002 ni mo fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn láti Zuba lọ sí Nyanya, V6 ni, ọ̀tòmátíìkì. Ṣàdédé ni mo rí i pé tí mo bá fi lífà gíà sí D (ti ìlọsíwájú) gbéra ó máa wúwo bíi pé ẹnìkan dì í mú lẹ́yìn, ẹ́ńjìnì á máa ké, mọ́tò á máa wọ́, àmọ́ tó bá ti wá sáré díẹ̀ kò sí wàhálà mọ́. Inú bí mi lọ́jọ́ kan, mo fà á sí L (ti gíà tó kéré jù), ló bá fò! Reverse náà ń ṣe dáadáa. Iná check engine ti tàn. Mẹ́káníìkì ní gíà ti kú, kí n lọ wá owó gíà Belgium (tòkunbọ̀). Mo ní àbí wẹ́dà tó jó sáíléńsà mi tó lu lọ́sẹ̀ yẹn ló bà á jẹ́, wọ́n ní kò kàn án. Kí ni kí n ṣe?
Bàbá Ìbejì, Kubwa

Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì fọwọ́ kan owó yẹn. Ẹ̀yin fúnra yín ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín níbi tẹ́ ẹ ti ní L ń fò. Tí L bá ń fa ọkọ̀ lọ báyẹn, tí reverse náà ń fà, á jẹ́ pé òróró ń ti nǹkan nínú gíà yẹn dáadáa, pléètì inú ẹ̀ kò tíì jẹ tán.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Gíà Tacoma yẹn, mẹ́rin ló ní tó ń lọ síwájú, solenoid méjì (fáàfù kékeré tí iná ń ṣí, tó ń darí òróró gíà) ni kọ̀ǹpútà mọ́tò, èyí tí àwọn rìwáyà (oníṣẹ́ iná mọ́tò) ń pè ní brain box, máa ń tàn tó sì máa ń pa láti mú gíà tó fẹ́. Tí iná ò bá dé ọ̀dọ̀ méjèèjì rárá, gíà ò ní kú, Toyota ti ṣe é kí lífà nìkan ṣì lè dá ṣiṣẹ́: L á fún yín ní gíà kìíní, 2 á fún yín ní gíà kẹta, D á fún yín ní gíà kẹrin. Tó bá jẹ́ solenoid àkọ́kọ́ nìkan ló kú, gíà kẹta lẹ máa fi gbéra ní D. Ẹ wá kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ẹ̀yìn, ẹ fi gíà kẹta tàbí ìkẹrin gbéra, kí ló dé tí kò ní wúwo?

Wẹ́dà yẹn ni mo fura sí jàre, ẹ ò ṣàṣìṣe. Wáyà tó lọ sí gíà kò jìnnà sí ọ̀nà tí sáíléńsà gbà kọjá, iná jíjó lè yọ́ rọ́bà ara ẹ̀ kí wáyà méjì wá lẹ̀ mọ́ra. Kí wọ́n kọ́kọ́ sìkáànù ẹ̀, kí wọ́n kọ nọ́mbà tó bá jáde sílẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́ o (wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n kàn pa á rẹ́). P0750 tàbí P0753, solenoid àkọ́kọ́ nìyẹn, P0755 tàbí P0758, ìkejì ni. Lẹ́yìn náà kí rìwáyà wọ abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ara gíà, bóyá ó ti yọ́ àbí òróró ti wọ inú ẹ̀. Kó yọ ọ́, kó fi mítà wọn ẹsẹ̀ solenoid kọ̀ọ̀kan sí ara irin gíà, 11 sí 15 ohm ló yẹ kó rí. Tó bá rí i bẹ́ẹ̀, ojú wáyà tàbí brain box ni kó wá ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Tí kò bá rí nǹkankan, solenoid ló kú, ìyẹn ò sì ju kí wọ́n tú páànù ìsàlẹ̀ lọ, wọn ò ní sọ gíà kalẹ̀ rárá.

Kí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà ní yíyọ, ẹ wà á díẹ̀ níbi tí kò sí ọkọ̀. Tí ìwà ẹ̀ ò bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, á jẹ́ pé iná ò tiẹ̀ dé ibẹ̀ látijọ́ yìí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ní D ẹ́ńjìnì kàn ń ké lásán, tí mọ́tò ò mira rárá, tó jẹ́ L nìkan ló ń lọ, ọ̀rọ̀ ti wọ inú gíà nìyẹn, mẹ́káníìkì yín lè jàre.

Kó tó di pé wọ́n ṣe é, ẹ fi L gbéra, ẹ bọ́ sí 2, kẹ́ ẹ tó lọ sí D. Ẹ má fà á padà sí L lórí eré o! Ẹ má sì kó ẹrù, torí gbígbéra pẹ̀lú gíà ńlá máa ń se òróró gíà.

Ẹ̀gbọ́n, Nissan Frontier ọkọ mi, láàárọ̀ nígbà ọ̀yẹ́ ní Kaduna níbí, tí a bá fi sí D á dúró ná, kó tó wá gbá wa gìdì. Tó bá gbóná ó ti lọ. Ẹnìkan ní ká da oògùn kan sí i.
Ìyá Ṣadé, Kaduna

Ẹ má da oògùn kankan sí i, Ìyá Ṣadé. Ẹ yẹ òróró gíà wò ná, kí ẹ́ńjìnì gbóná, kó máa ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ dúró sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ rọra gbé lífà kọjá gbogbo ibi, kẹ́ ẹ dá a padà sí P kẹ́ ẹ tó fa sítíìkì tí wọ́n fi ń wọn òróró gíà yọ. Tó bá lọ sílẹ̀, ẹ bu kún un díẹ̀díẹ̀, irú èyí tí ìwé mọ́tò sọ, kẹ́ ẹ sì wá ibi tó ń jò sí, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀ mọ́jú. Tó bá dúdú tó ń rùn bíi nǹkan tó jóná, kí wọ́n tú páànù, kí wọ́n wo fíltà. Tó bá wá rí bíi mílíìkì tó pọ́n, omi rédíétọ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ọn nìyẹn, ẹ pa mọ́tò lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbé mọ́tò ni kẹ́ ẹ fi gbé e lọ. Tí òróró bá pé tó mọ́, tó ṣì ń dúró láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn rọ́bà inú gíà ló ti le. Ìyẹn ò ní oògùn inú agolo, wọ́n máa tú u ni, àmọ́ kì í ṣe dandan lọ́sẹ̀ yìí tó bá ṣì ń gbá kìkì lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀.