Táyà tó rọ̀ ló ń bẹ́: ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn onímọ́tò Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú sí Ṣágámù ni mò ń ná lójoojúmọ́. Fọkanáísà wa máa ń dín afẹ́fẹ́ táyà mi kù sí 25 psi (ìwọ̀n tí géèjì fi ń ka afẹ́fẹ́) nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ní tí oòrùn bá mú, afẹ́fẹ́ á wú, táyà á sì bẹ́. Ìyàwó mi ní irọ́ ni. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Awakọ̀, Odogunyan)

Ẹ gbọ́ ti ìyàwó yín. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ máa ń wú bó bá gbóná: táyà tí ẹ wọ̀n ní 32 láàárọ̀ lè di 36 tàbí 37 bí ẹ bá ti sá eré díẹ̀ lójú títì. Àwọn tó ṣe táyà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí wọn ò ṣírò mọ́ ọn ni 25 tí ẹ gbé sójú ọ̀nà yẹn.

Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò tó máa ń tẹ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀, á sì tún nà padà tó bá yí kọjá. Ní eré 60 kìlómítà ní wákàtí kan, ó ń ṣe èyí bí ìgbà mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ẹ mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lójú kan náà: ibẹ̀ á gbóná mọ́ yín lọ́wọ́ kó tó kán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe ń ṣe. Ooru á máa tú rọ́bà kúrò lára okùn àti wáyà inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi bẹ́ lórí eré. Oòrùn á dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìtó afẹ́fẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn. Tí èrò bá wá kún mọ́tò, ó burú jùyẹn lọ.

Iye tó yẹ mọ́tò yín wà lára mọ́tò náà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́, ẹ ó rí bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀. Ti àwọn mọ́tò mìíràn wà lẹ́yìn ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ epo sí. Láàárín 30 sí 35 ni ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré máa ń gbà. Ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lè yàtọ̀, ti ìgbà tí ẹrù bá wúwo sì lè ju ti ojoojúmọ́ lọ. Ẹ má lo 44 tàbí 51 tí ẹ bá rí lára táyà fúnra rẹ̀ o. Ibi tí agbára táyà mọ nìyẹn, kì í ṣe iye tí mọ́tò yín fẹ́.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí mọ́tò tó rìn, tàbí lẹ́yìn tó bá ti dúró fún wákàtí mẹ́ta. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n gbígbóná tí ẹ rí 36, ẹ má yọ nǹkan kan: bí ẹ bá yọ ọ́, tó bá tutù tán, á ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ ra géèjì tiyín, nítorí ti fọkanáísà ti já bọ́ sílẹ̀ tó ìgbà tí òun náà ò lè kà mọ́. Fífi ẹsẹ̀ ta táyà kì í ṣe géèjì. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tó, torí táyà tí kò tiẹ̀ lu rárá máa ń dín ní bíi 1 tàbí 2 lóṣù.

Táyà mi lu lálẹ́ lójú ọ̀nà Ìtóìkín. Nọ́ọ̀tì kọ̀ láti tú, jáàkì ń rì wọlẹ̀, nígbà tí mo sì fi sípéà sí i tán, kò ní afẹ́fẹ́ nínú. Kí ni kí n máa ṣe? (Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ìgbógbó)

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ kọ́kọ́ wa mọ́tò náà jẹ́ẹ́jẹ́ dé ibi tó le tó sì tẹ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rímù á bàjẹ́ díẹ̀. Rímù ṣeé rà. Ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí jíà wà ní P tàbí ní ọ̀kan, ẹ fi òkúta ti táyà tó wà ní ìkángun kejì. Kí síkọ́ṣọ̀n wà lẹ́yìn yín ní bí àádọ́ta ìṣísẹ̀, kí àwọn ọmọ sì sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n jìnnà sí títì.

Nọ́ọ̀tì tó kọ̀, ó jọ pé ẹ ti gbé mọ́tò sókè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u ni. Táyà tó wà lókè á kàn máa yí tẹ̀lé sípánà ni. Ilẹ̀ ni kí táyà wà tí ẹ ó fi dẹ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ìdajì yíyí, sí apá òsì. Bí apá ò bá ká a, ẹ ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, yóò fúyẹ́ lọ́wọ́ yín. Fún jáàkì tó ń rì, kí pákó pẹlẹbẹ tó nípọn dáadáa máa wà nínú búùtù. Abẹ́ etí mọ́tò, níbi tí wọ́n gé sí tó sì le, ni jáàkì ń wọ̀; ibòmíràn á tẹ̀ wọnú. Ẹ ti sípéà sábẹ́ mọ́tò kí ẹ tó fa táyà tó lu yọ: tí jáàkì bá yẹ̀, orí rẹ̀ ni mọ́tò á jókòó sí, kì í ṣe orí ẹsẹ̀ yín. Tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ fi ọwọ́ wé gbogbo nọ́ọ̀tì ná, kí ẹ wá máa fún wọn ní ìdojúkọ ara wọn, ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀, ẹ fún wọn parí. Ẹ tún wọn fún lẹ́yìn bí 50 kìlómítà.

Sípéà tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbà tó 60 psi, kò sì gbọ́dọ̀ sáré ju 80 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ẹ máa wọ̀n ọ́n pẹ̀lú mẹ́rin yòókù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti bá mi tún táyà kan náà ṣe, ó ṣì ń rọ̀ mọ́jú. (Olùkọ́, Agric)

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ihò. Ẹ po omi ọṣẹ, ẹ dà á sí orí ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ẹ dà á yí etí rímù ká, kí ẹ tó dà á sí ojú táyà. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló wà. Etí rímù tó ti dípẹtà máa ń jò bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tú táyà, kí wọ́n ha ìpẹtà náà kúrò. Tó bá jẹ́ ihò ìṣó, okùn rọ́bà tí wọ́n ń tì bọ̀ ọ́ láti ìta, ti pàjáwìrì ni. Èyí tó ń pẹ́ ni kí wọ́n tú táyà, kí wọ́n dí ihò, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ nínú. Ihò tó ju mílímítà 6 lọ, tàbí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lẹ̀ ẹ́.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ọjọ́ orí táyà tòkúnbọ̀? (Ọ̀dọ́ Onímọ́tò, Sabo)

Ẹ wá DOT lára ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ wo nọ́ḿbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. 2317 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2017. Ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wò, torí pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà. Ìyẹn ni kí ẹ wò, kì í ṣe dúdú tó ń dán. Epo ni wọ́n fi pa á. Bí ẹnì kan bá ti fi nǹkan ha nọ́ḿbà náà kúrò, ẹ fi táyà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.