Ṣé ìmọ̀ nípa ohun tí ènìyàn jẹ́ ló ń mú wa ṣe ojúṣe wa sí ẹlòmíràn?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, olùkọ́ wa kan ní yunifásítì sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fi ìmọ̀ ọgbọ́n orí wádìí ohun tí ènìyàn jẹ́ dé gbòǹgbò kò ní lè kọ ẹ̀yìn sí ọmọnìkejì rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lọ́kàn tán. Ṣé òótọ́ ni?
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ì bá wù mí kí ó jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè é lẹ́yìn. Martin Heidegger, ará Jámánì, wà lára àwọn tó ronú jinlẹ̀ jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀rúndún ogún. Nínú ìwé ńlá tó gbé jáde ní 1927, ó ṣàlàyé pé kò sí ènìyàn tó dá wà, pé wíwà pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn jẹ́ ara ohun tó sọ wá di ènìyàn. Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún 1933, lẹ́yìn tí ó ti di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Freiburg, ó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú Násì ti Hitler, kò sì fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ títí Ogun Àgbáyé Kejì fi parí ní 1945.

Emmanuel Levinas, ọmọ Júù tí wọ́n bí sí Kaunas ní ilẹ̀ Lithuania, ti gbẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Freiburg ṣáájú ìgbà náà. Nígbà tí ogun dé, ó wà nínú iṣẹ́ ológun Faransé. Àwọn Jámánì mú un ní 1940, wọ́n sì fi òun àti àwọn Júù ẹgbẹ́ rẹ̀ sí iṣẹ́ inú igbó, nígbà tí wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì ní Lithuania. Ó kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn tó ń kọjá lọ máa ń wò wọ́n bí ẹni pé wọn kì í ṣe ènìyàn, àfi ajá kan tó ṣáko wá síbẹ̀, tí wọ́n sọ ní Bobby, tó máa ń fò, tó sì máa ń gbó tayọ̀tayọ̀ bí wọ́n bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, títí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi lé e lọ. Ohun tí Levinas fi ìyókù ayé rẹ̀ kọ́ni ni pé ojúṣe kì í dúró de ìmọ̀: kí n tó mọ irú ẹni tí o jẹ́, ojú rẹ tó kọjú sí mi ti bi mí ní ìbéèrè tí n kò lè yẹ̀.

Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé èrò wa nípa ènìyàn kò já mọ́ nǹkan kan. Èyí tó burú nínú wọn máa ń tètè ṣiṣẹ́: kí àwọn Násì tó kó àwọn Júù lọ pa, ọdún púpọ̀ ni wọ́n ti fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé pé ìran náà kò tó ènìyàn, ẹ̀kọ́ yìí sì mú kí ó rọrùn fún ọ̀pọ̀ láti máa wòran nígbà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin kó aládùúgbò wọn lọ. Èyí tó dára kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ó lè gba àwáwí lẹ́nu wa, pé ẹni yìí kì í ṣe irú wa, ṣùgbọ́n kò lè bá wa ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ń sá àsálà lóru.

Ẹ fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bi olùkọ́ yín bí wọn yóò ṣe ṣàlàyé ti Heidegger. Èmi náà yóò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn wọn.