Báwo la ṣe lè tún ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ bàbá ńlá wa ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ká sì ṣí i fún àlejò?

Ẹ má tíì ra sìmẹ́ńtì o. Òun ló ń ba ilé alámọ̀ jẹ́ jù: amọ̀ a máa fa omi, a sì máa tú u síta, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, omi á há sínú. Bí wọ́n bá ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé náà tẹ́lẹ̀, ẹ fi ìka kan ògiri. Bó bá dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ńtì ti ṣí kúrò lára amọ̀ nìyẹn. Ẹ rọra ṣí i, kí ògiri gbẹ, kí ẹ wá fi amọ̀ tí ẹ pò mọ́ koríko gbígbẹ rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ kí ẹ tó lé èkejì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é.

Òrùlé ló sì ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ páànù tó ń jò, kí etí rẹ̀ yọ síta dáadáa, kí omi òjò má máa ta sẹ́sẹ̀ ògiri.

Igi àjà ńkọ́? Ẹ fi ọ̀bẹ gún un níbi tó ti wọnú ògiri. Ibẹ̀ ni ikán fẹ́ràn. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, àlejò kankan ò gbọdọ̀ gòkè títí ẹnjiníà á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ìjọba bá ti kéde ilé náà ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè lábẹ́ òfin ọdún 1979 tó dá àjọ NCMM sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Kí mọ̀lẹ́bí sì kọ orúkọ ẹni tí á máa gba owó ẹnu ọ̀nà sínú ìwé. Ìjà lórí owó yẹn ń ba ilé jẹ́ ju ikán lọ.